Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Kọ́ni ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì? Ìtàn Òṣùwọ̀n Méjì



Àjàó Estate ni mo ń gbé, ní ìhà Ìsọlọ̀, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú ti Múrítàlá Muhammed. Ẹni tí ó bá ń gbé àdúgbò náà kò lè gbàgbé pé àwọn ènìyàn ń lọ sí òkè òkun, nítorí pé bàálù kò jẹ́ kí a gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí mo ti kọ́ rí ní yunifásítì, tí òun náà ń gbé ní àdúgbò wa, wọlé tọ̀ mí wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó sì na ìwé kan sí mi. Obìnrin yìí gba oyè nínú ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn èyí ni ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni, ó sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Àjọ Ìforúkọsílẹ̀ Àwọn Olùkọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí òfin 1993 dá sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti fi kọ́ àwọn ọmọ girama. Ó kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ilẹ̀ Éṣíà pé òun fẹ́ wá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Èsì tí wọ́n fún un kò ju ìlà méjì lọ. Wọn kò bi í léèrè ohun tí ó mọ̀, wọn kò sì ní kí ó wá kọ́ni fún àwọn wò. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè tí àwọn ń gbà.

Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ìmọ̀ mi ni kò tó ni, àbí ẹnu mi?’

N kò rí èsì fún un ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ni èsì tí mo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Láti ìgbà tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ilẹ̀ wa ni a ti ń fi òṣùwọ̀n méjì wọn ẹni tí yóò máa kọ́ni ní èdè náà. Òṣùwọ̀n kìíní ni iṣẹ́: kí ni olùkọ́ náà kọ́, báwo ni ó ṣe ń kọ́ ọmọ, kí sì ni ọmọ mọ̀ nígbà tí ó kúrò ní ọwọ́ rẹ̀? Òṣùwọ̀n kejì ni orírun: níbo ni a bí i sí, ohùn ta ni ohùn rẹ̀ sì jọ? Èrò mi ni pé òṣùwọ̀n kìíní ni ó fi ìdí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì múlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, pé òṣùwọ̀n kejì ni ó ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn olùkọ́ wa lẹ́yìn odi, àti pé àwa pàápàá ń lo òṣùwọ̀n kejì yìí nílé.

I. Àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ́ni

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Àgbádárìgì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman, míṣọ́nnárì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ síbẹ̀. William de Graft, ọmọ Fante láti Cape Coast ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ni ó bá a wá. Nígbà tí Freeman ń bá ìrìn-àjò rẹ̀ lọ, de Graft àti aya rẹ̀ ni ó dúró ti iṣẹ́ náà, àwọn ni ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní 1843, nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ó yẹ kí a ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì lé ọmọ lẹ́nu ní ilẹ̀ wa, ọmọ Fante wà níbẹ̀, ẹni tí ó ti ìlú rẹ̀ wá kọ́ni ní ìlú onílùú, ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ fi ìwé kọ́.

Ẹni kejì ni Àjàyí Crowther. Gbogbo wa ni a mọ bí a ti kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Bìrìtìkó sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, tí a sì gbé e lọ sí Sàró. Ọmọdé tí ó ti mọ Yorùbá sọ dáadáa ni nígbà tí ó kọ́kọ́ rí álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní 1827 orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay, kò sì pẹ́ tí òun náà fi di olùkọ́ níbẹ̀. Ní 1843 tí a fi í joyè àlùfáà ní London ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì jáde. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè ti ọwọ́ ẹni tí kò mọ èdè méjèèjì jáde.

Ẹni kẹta ni Thomas Babington Macaulay, ọmọ tí àwọn Yorùbá bí sí Sàró, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay, tí ó sì fẹ́ ọmọ Crowther. Òun ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní oṣù Kẹfà ọdún 1859, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré, òun sì ni ọ̀gá àgbà ibẹ̀ títí ó fi kú ní 1878. Ilé-ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó ní kí Macaulay kọ́kọ́ fi hàn pé a bí òun sí London kí ó tó wọ yàrá ẹ̀kọ́.

N kò sọ pé ayé ìgbà náà kò ní ẹ̀tanú. Ẹ̀tanú pọ̀ níbẹ̀, Crowther fúnra rẹ̀ sì rí ti rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lélẹ̀ fún wa jẹ́ àwọn tí ó kọ́ èdè náà, wọn kò bá a nínú ilé ìyá wọn.

II. Òfin, owó ìrànwọ́ àti ìwé ẹ̀rí

Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ìjọ ni ó ń gbé ẹrù ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1882, nígbà tí Èkó ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gold Coast, òfin ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni òfin náà so owó ìrànwọ́ ìjọba mọ́. Kò fi èdè Yorùbá pe nǹkan kan. Ní 1887, lẹ́yìn tí Èkó ti gba òmìnira kúrò lábẹ́ Gold Coast, a ṣe òfin tirẹ̀ fún un. Ní ìgbà náà, àwọn alábẹ̀wò ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ láti dán àwọn ọmọ wò, iye owó tí ilé-ẹ̀kọ́ yóò sì gbà wà lọ́wọ́ bí àwọn ọmọ bá ti ṣe sí nínú ìdánwò.

Ètò yìí ní àbùkù tirẹ̀. Nígbà tí owó bá so mọ́ ìdánwò, àkọ́sórí ni olùkọ́ yóò máa kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò yẹ kí a fi ṣòfò: alábẹ̀wò ń wọlé, ó ń gbọ́ ohun tí ọmọ lè kà, ó sì ń wo ohun tí ọmọ lè kọ. Henry Carr, tí a bí ní Èkó ní 1863, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Fourah Bay, tí ó sì ti kọ́ni ní CMS Grammar School, di ọ̀kan nínú àwọn alábẹ̀wò yìí kí ọdún 1890 tó dé. Ọmọ Yorùbá ni ó wá ń ṣe òdiwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Òfin 1926 ni ó wá pàṣẹ ní gúúsù Nàìjíríà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ni àfi kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìpele ìwé ẹ̀rí ti di ohun tí gbogbo ilé mọ̀: Grade III fún olùkọ́ àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, Grade II fún ti òkè. Ẹni tí ó bá gba Grade II ní kọ́lẹ́ẹ̀jì bíi Saint Andrew’s ní Ọ̀yọ́ di ẹni tí gbogbo abúlé ń kí. ‘Tíṣà’ di oyè.

Síbẹ̀, òṣùwọ̀n kejì kò kúrò nílẹ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ọmọ ilẹ̀ yìí tí oyè rẹ̀ bá ti òyìnbó dọ́gba kì í gba owó oṣù kan náà. Ìwé ẹ̀rí wọn jọra, iṣẹ́ wọn jọra, ṣùgbọ́n a tún fi orírun kún òṣùwọ̀n.

III. 1955, 1961, 1976

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 lọ sí ohun tí ó lé ní 800,000. Níbo ni a ó ti rí olùkọ́? A ṣí kọ́lẹ́ẹ̀jì Grade III púpọ̀ sí i, a sì ran ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ ìkọ́ni kankan lọ sí iwájú kíláàsì. Àwọn alátakò pariwo pé Gẹ̀ẹ́sì yóò bàjẹ́. Òótọ́ wà nínú ariwo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí ó di ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ yìí ni ó ti inú ètò náà jáde.

Lẹ́yìn òmìnira, ní 1961, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà tí ìjọba wọn rán lábẹ́ ètò Peace Corps bẹ̀rẹ̀ sí dé. Púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè ni, wọn kò sì tíì dúró níwájú kíláàsì rí kí wọ́n tó gba ìwọ̀nba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí a fún wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣiṣẹ́ takuntakun, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi wọ́n bóyá wọ́n lè kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohùn wọn ti dáhùn fún wọn.

Èmi fúnra mi wà lára àwọn ọmọ tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1976, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè. Olùkọ́ mi jẹ́ obìnrin tí kò ní ju Grade III lọ. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá kò ní ìró ‘z’. ‘Soo’ ni gbogbo wa ń pe ọgbà ẹranko. Ìyá yìí ní kí oníkálukú fi ọwọ́ lé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó ní kí a pe ‘s’: ọ̀fun dákẹ́. Ó ní kí a jẹ́ kí ọ̀fun kùn bí ti oyin, kí ẹnu sì wà bí ó ti wà: ‘z’ jáde. A rẹ́rìn-ín, a tún un pè, ó sì bá wa lára mu. Nígbà tí mo dé yunifásítì tí a ń kọ́ wa ní ìmọ̀ ìró èdè, ni mo tó mọ̀ pé ohun tí ìyá náà ṣe gan-an ni ìwé ń ṣàlàyé. Ẹni tí a bí ‘z’ mọ́ lẹ́nu kì í sábà mọ̀ pé ó ṣòro. Ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ la odò kọjá ni ó mọ ibi tí ó jìn.

IV. Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Ní oṣù Kìíní ọdún 1961 náà, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Makerere, ní Uganda, lórí bí a ó ṣe máa kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí kì í ṣe èdè àbínibí rẹ̀. Nígbà tí Robert Phillipson padà yẹ ìrònú àsìkò náà wò nínú ìwé rẹ̀ ti 1992, ó ka èrò pé ẹni tí a bí sínú Gẹ̀ẹ́sì ni olùkọ́ tí ó dára jù lọ mọ́ àwọn àṣìṣe márùn-ún tí ó gbilẹ̀ láti ibẹ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kò dákẹ́ títí di ìgbà náà. Ní 1971, Ayọ̀ Bánjọ pín Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ ní Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó gbà pé èyí tí Yorùbá tàbí èdè mìíràn ti borí rẹ̀ pátápátá kò lè jẹ́ òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n kò mú èyí tí ó dà bí ti òyìnbó gẹ́lẹ́; ọ̀nà kẹta ni ó mú, Gẹ̀ẹ́sì tí ó tọ̀nà, tí ayé gbọ́, tí a sì mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà ni ó ń sọ ọ́. Ní 1982, Ayọ̀ Bámgbóṣé náà tẹ̀ síwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ń wádìí bí a ó ṣe dá ojúlówó Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà mọ̀ yàtọ̀ sí àṣìṣe lásán. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì kò sọ pé kò sí àṣìṣe. Wọ́n ń wá òṣùwọ̀n, wọn kò dá a nù.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára wà ní Ilé-Ifẹ̀. Láti 1970 títí di 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mọdákẹ́kẹ́. Gẹ̀ẹ́sì di iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù, olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì ń kọ́ wọn ní i. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì sí àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Púpọ̀ nínú wa ni ó rántí ipa tí Yorùbá kó nínú ètò náà. Ipa olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni a gbàgbé.

V. Ní ẹnu ibodè

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ obìnrin tí ó wá bá mi. Ní Kòríà Gúúsù, físà tí àwọn àlejò fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì wà ní pàtàkì fún ọmọ orílẹ̀-èdè méje: Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Kánádà, Ireland, Australia, New Zealand àti South Africa. Ẹni tí ó bá ti ọ̀kan nínú méje wọ̀nyí wá kò ní láti kọ́ ìmọ̀ èdè; oyè àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ yòówù tó. Ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìṣirò owó ní Toronto lè gbà á. Ọmọ Nàìjíríà tí ó gba oyè ìjìnlẹ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì yóò dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Bí a bá sọ pé nítorí ohùn àbínibí ni, ẹ jẹ́ kí a wo South Africa. Nínú ìkànìyàn 2011 ti ilẹ̀ náà, àwọn tí ó sọ pé Gẹ̀ẹ́sì ni èdè àkọ́kọ́ wọn kò ju 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti lọ, n kò sì ṣe ìlara wọn. Mo kàn ń fi hàn pé òṣùwọ̀n náà kò wọn ohun tí ó ní òun ń wọ̀n.

Bìrìtìkó pẹ̀lú ní àkọsílẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí a kò ní kí ọmọ wọn ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó gba físà. Ní 2021, tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà gbé ọ̀rọ̀ yìí síta, tí wọ́n ń bèèrè ìdí tí a fi ń ṣe ìdánwò IELTS ní àṣetúnṣe, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Malta wà níbẹ̀, níbi tí èdè Malta jẹ́ èdè ilé fún ọ̀pọ̀ jù lọ. Jàmáíkà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni láti 1987 ni ìjọba Nàìjíríà ti dá ètò Technical Aid Corps sílẹ̀, tí a ń rán àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìjìnlẹ̀, àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Jàmáíkà wà lára àwọn ilẹ̀ tí ó ti gba àwọn ènìyàn wa. Ẹni tí ó tó láti rán lọ ran ìlú lọ́wọ́ ni a tún ń bi pé ṣé ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

VI. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ lọ sí òde

Ì bá dùn mọ́ mi nínú kí n parí ọ̀rọ̀ níbí yìí, kí gbogbo ẹ̀bi wà ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n òótọ́ inú kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ìlú Èkó ní kí n wá bá wọn yan olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn méjì ni ó kù ní ìgbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan wà, tí ó gba NCE kí ó tó gba oyè yunifásítì, tí ó fi gbólóhùn mẹ́ta péré ṣàlàyé fún wa ìdí tí ọmọ Yorùbá fi ń ṣi ‘he’ àti ‘she’ lò: ‘ó’ kan ṣoṣo ni Yorùbá ní fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọ̀dọ́bìnrin kan náà wà, tí ó dàgbà ní òkè òkun, tí kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni rí. Ohùn rẹ̀ dùn létí. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àwọn òbí yóò fẹ́ràn ohùn yẹn. Mo mọ ẹni tí ó yẹ. Mo bu ọwọ́ lu ìwé ẹni kejì.

Ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi bi mí léèrè ọ̀rọ̀, ọkùnrin yẹn ni mo rántí. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi lè fèsì. Ohun tí Éṣíà fi ìwé ìrìnnà ṣe fún un, èmi ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é fún ẹlòmíràn, ní ìlú tiwa, láìsí ẹni tí ó fi agbára mú mi.

Mo gbà pé ohùn ní ipa tirẹ̀. Olùkọ́ tí ọmọ kò gbọ́ ohun tí ó ń sọ kò lè kọ́ ọmọ. Mo gbà pẹ̀lú pé ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó: a ní àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí tí wọn kò lè kọ lẹ́tà kan kí ó gún. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ni kí a wọ̀n. Kí ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń wá olùkọ́ jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí ó wò ó bí ó ti ń kọ́ni, bí Henry Carr ti ń ṣe ní ayé rẹ̀. Kí àwọn ẹ̀ka èdè Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì wa kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ìró tí ó lè mú lọ síwájú ọmọdé, kì í ṣe èyí tí yóò kọ sínú ìdánwò nìkan. Kí ìjọba tí ó bá ń bá ìlú mìíràn jíròrò lórí iṣẹ́ àti físà má ṣe gbàgbé olùkọ́, kí ó bèèrè pé kí a ka ìforúkọsílẹ̀ wa sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìwé tí àwa fúnra wa kò kà sí?

Mo ti fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ní èsì rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìmọ̀ rẹ̀ tó, ẹnu rẹ̀ sì tó. Ẹni tí ó kọ̀ ọ́ kò wọn èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo tún jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn fún un. Ó dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ni ó ní, ‘Sà, ṣé ẹ ti sọ fún un?’

N kò tíì sọ fún un. Mo ń wá a.